Igbe Ẹja Apò Lẹ́nu Odò

Ẹja apò kan tí Àrìnkẹ́ rà lọ́jà Òkìtìpupa ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jẹ apò gbẹ̀yìn, ó sì rò pé bí òun bá sè é lọ́bẹ̀ aláta, bóyá ọkọ òun á jẹun yó lọ́jọ́ náà. Nígbà tó délé ní Ìjù-Odò, ó kó ẹja náà sínú àwo, ó gbé e síwájú Philemon. Philemon ò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Ó wo ojú rẹ̀ títí, ó wá fi ìka kan tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

“Inú yìnyín ni wọ́n ti gbé èyí jáde,” ó ní. “Ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta tó ti kú. Ìyá Dámi, apò tó bá ti ẹnu odò wa wá kì í rí báyìí.”

“Kí ni kí n wá ṣe? Èyí tí mo rí nìyẹn.”

“Èmi ò bá ọ wí.” Ó ti àwo náà sẹ́yìn díẹ̀, ó sì kọjú sí ògiri.

Àrìnkẹ́ se ẹja náà. Òun nìkan ló jẹ ẹ́.

Ọmọ Ìjù-Odò ni Àrìnkẹ́, ọmọ àgbẹ̀ tó ń dáko ẹ̀gẹ́, tó sì lọ́pẹ. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó fẹ́ Philemon, apẹja ará Ìlàjẹ, tó sì bá a lọ sí Òbè-Ìrọ̀rùn, abúlé kékeré kan tó wà láàárín odò àti òkun. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló lò níbẹ̀. Ẹrẹ̀ àti yanrìn ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀. Orí òpó ni wọ́n ń kọ́lé sí, orí afárá pákó lèèyàn sì ń gbà lọ kí aládùúgbò. Ó kọ́ ẹja yíyan, ó kọ́ ọkọ̀ wíwà, ó kọ́ ohùn àwọn ará ibẹ̀ débi pé bó bá wálé, àwọn ẹbí rẹ̀ á máa sín in jẹ. Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé òun bu erùpẹ̀ ilé bàbá òun sínú korobá fífọ́ kan, òun gbin ẹ̀fọ́ sí i lẹ́yìnkùlé, òun sì máa ń ki ọwọ́ bọ erùpẹ̀ náà láàárọ̀ kí òun tó ṣe ohunkóhun.

Nígbà tó yá, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ abúlé náà. Ó kọ́kọ́ gbé àwọn igi àgbọn lọ. Ó gbé ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀ lọ. Ó wá dé ibi ìdáná Àrìnkẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí omi jí wọn lórí ẹní, wọ́n di ẹrù tó ṣeé dì, wọ́n sì gba Ìjù-Odò lọ. Ọlátúndé, ẹ̀gbọ́n Àrìnkẹ́ tó jẹ́ olórí ẹbí, fún wọn ní yàrá méjì àti ilẹ̀ tó tó wọn í dáko. Olúwadámilọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti di olùkọ́ ní Àkúrẹ́ nígbà náà, òun ló ra bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń sùn lé.

Lọ́dún àkọ́kọ́, inú Àrìnkẹ́ dùn débi pé ojú ara rẹ̀ ń tì í. Òkun gbé ilé lọ, òun ń kọrin lóko! Ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ ṣe? Bó bá ti sọ ọkọ́ kalẹ̀, tí ilẹ̀ bá là, tí òórùn rẹ̀ bá gòkè wá, ṣe ló dà bíi pé ẹnì kan tí kò rí fún ọgbọ̀n ọdún ń kí i káàbọ̀. Philemon náà ń roko. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Òótọ́ ni pé ebè rẹ̀ máa ń wọ́ bí ipa ejò, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ ta nínú rẹ̀. Kìkì pé bó bá ti ṣíwọ́, á gbé àga rẹ̀ lọ sí ìdí igi ọsàn, á kọjú sí apá ibi tí òkun wà, á sì máa tún àwọ̀n kan tí kò ya ṣe.

Nírọ̀lẹ́, àwọn ọmọ ilé á lọ yí i ká pé kó sọ̀rọ̀ ẹja fáwọn. Ìgbà yẹn nìkan ni ohùn rẹ̀ máa ń padà sí bí Àrìnkẹ́ ṣe mọ̀ ọ́n.

“Apò kì í ṣe ẹja òkè omi,” á wí. “Ìsàlẹ̀ ni tirẹ̀, níbi tí ẹrẹ̀ àti yanrìn ti pàdé. Ẹ wo ẹnu rẹ̀, ìsàlẹ̀ ló kọjú sí, nítorí ilẹ̀ ló ti ń ṣa edé àti akàn wẹ́wẹ́ jẹ. Nígbà òjò, tí omi dídùn bá ya wá láti òkè, ara rẹ̀ ò gbà á. Á sún sẹ́yìn sínú òkun. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti dé, tí omi iyọ̀ gorí odò padà, òun náà á padà wá yé. Ìgbà yẹn làwọn akọ máa ń ké.”

“Ẹja ń ké, Bàbá?”

“Ó ń ké bí ọ̀pọ̀lọ́. Ikùn ló fi ń ké, kì í ṣe ẹnu. Bí o bá ti àjẹ̀ tí a fi ń wa ọkọ̀ bọ omi, tí o sì gbé etí lé orí rẹ̀, wàá gbọ́ wọn nísàlẹ̀. Wàá mọ̀ bí wọ́n bá pọ̀. Wàá mọ apá ibi tí wọ́n wà. Ibẹ̀ lo máa da àwọ̀n sí.”

Philemon kì í fọ́nnu. Elétí ni gbogbo Òbè-Ìrọ̀rùn ń pè é. Lásìkò ọyẹ́, ọkọ̀ mẹ́jọ, mẹ́wàá á dúró láìta pútú títí yóò fi gbé etí kúrò lórí àjẹ̀, tí yóò na ọwọ́ sí ọ̀nà kan. Bí ó bá na ọwọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í da àwọ̀n. Àrìnkẹ́ máa ń dúró lórí afárá, á máa wo ọwọ́ náà láti ọ̀ọ́kán.

Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta ní Ìjù-Odò, ìtàn ẹja náà dáwọ́ dúró. Àwọn ọmọ á béèrè ọ̀rọ̀, Philemon á kàn rẹ́rìn-ín. Èèyàn á pè é, kò ní dáhùn. Ọlátúndé mú sùúrù títí, ó wá pe àbúrò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Àrìnkẹ́, ọkọ rẹ ń bá wa gbé, ṣùgbọ́n kò sí lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kí i láàárọ̀ yìí. Ọ̀nà ló ń wò. Ṣé a ṣẹ̀ ẹ́ ni?”

“Ẹ ò ṣẹ̀ ẹ́, Bọ̀ọ̀dá mi. Àárò ló ń sọ ọ́.”

“Àárò kí ni? Omi tó gbé ilé rẹ̀ lọ?”

Àrìnkẹ́ gbé ọkọ́ rẹ̀, ó kọjá lọ sóko. Ṣùgbọ́n ó mọ àrùn náà dáadáa. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lòun fi ṣe é, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Ní ọjọ́ kejì tí Philemon kọ ẹja inú yìnyín sílẹ̀, Àrìnkẹ́ bá a ní ìdí igi ọsàn. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ètè gbogbo èèyàn ti ń là.

“Bàbá Dámi.” Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbójú sókè. “Ẹ jẹ́ ká lọ kí Dora.”

Dora ni àbúrò Philemon obìnrin, tó ṣì ń yan ẹja létí omi, lápá ibi tí òkun ò tíì dé.

Philemon wò ó lójú. “Dora nìkan?”

“Ẹ̀yin náà mọ ohun tí a fẹ́ lọ kí.”

Philemon gbé àwọ̀n ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Bí mo bá gbọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan péré, ó tó mi. Màá tẹ̀lé ọ padà wá sílé àwọn àná mi, màá sì jókòó jẹ́ẹ́.”

Àrìnkẹ́ mi orí bí ẹni tó gbà á gbọ́. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ta ló ń tọ́ oyin wò lẹ́ẹ̀kan?

Wọ́n gun ọ̀kadà dé Òkìtìpupa, wọ́n wọ takisí dé Igbókọ̀dá, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì níbẹ̀. Bí ọkọ̀ ṣe ń sún mọ́ òkun, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn Philemon tó ti ń tẹ̀ bọ̀ láti ọdún mẹ́ta ń nà. Ó ṣí fìlà. Ó na ọwọ́ sínú omi, ó fi ìka sẹ́nu.

“Iyọ̀ ti wọlé,” ó sọ ọ́ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo èrò ọkọ̀ fi wẹ̀yìn.

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ilé wọn wà tẹ́lẹ̀, òpó mẹ́ta péré ló yọ orí lókè omi. Àwọn méjèèjì rí i.

Dora jáde sí wọn tòun ti èéfín lára. “Ìyàwó wa! Ẹ wo bí ilẹ̀ yín ṣe mú yín dán!”

“Adúmáradán mi,” Àrìnkẹ́ dáhùn, orúkọ tó ti fún un láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ nìyẹn, “èéfín náà ò fi tiyín sílẹ̀.”

Wọ́n dì mọ́ra wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku àwọn obìnrin méjèèjì nídìí ààrò, Dora dín ohùn kù. “Àwọn ọkùnrin ibí kì í tẹ́tí mọ́ o. Àwọ̀n ni wọ́n ń dà kiri bó ṣe wù wọ́n. Wọ́n ní apò ò wá bí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ kó tó lọ.”

Àrìnkẹ́ ò sọ ọ́ fún un. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ ọ́?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tí oòrùn rọlẹ̀ tí omi sì dákẹ́, Philemon yá ọkọ̀ kékeré ọkọ Dora àti àwọ̀n rẹ̀. Àwọn ọkùnrin ilé ti lọ sójú òkun. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá wo ìyàwó rẹ̀.

“Wá bá mi jókòó sí ìdí ọkọ̀.”

Nínú gbogbo ọdún tí wọ́n lò létí omi, kò mú un lọ rí. Ọ̀rọ̀ obìnrin pọ̀ jù fún ọkọ̀ tó fẹ́ tẹ́tí, ohun tó máa ń wí nìyẹn. Àrìnkẹ́ ká ìró rẹ̀ sókè, ó mú àjẹ̀ kan, ó wọlé.

Wọ́n wà á dé ẹnu odò, níbi tí àwọ̀ omi ti yí padà. Philemon ti àjẹ̀ rẹ̀ bọ omi gbọọrọ, ó tẹ̀ ba, ó gbé etí ọ̀tún lé orí rẹ̀, ó sì di ojú. Ó pẹ́. Ó yí etí òsì sí i. Ó tún pẹ́.

“Ká sún síwájú,” ó ní.

Wọ́n sún síwájú. Ó tún tẹ́tí. Wọ́n lọ sí apá igi ẹ̀gbà tó ta gbòǹgbò sínú omi léteetí, níbi tó sọ pé apò ò lè ṣàìsí. Ìgbà tó gbé orí sókè níbẹ̀, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀.

“Wọ́n ti lọ,” ó ní jẹ́jẹ́. “Ìyá Dámi, wọ́n ti lọ pátápátá. Jẹ́ ká máa lọ sílé.”

“Ilé Dora?”

“Ilé wa. Ìjù-Odò. Lọ́la.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àrìnkẹ́ lára bí omi tútù lọ́sàn-án. Ọdún mẹ́ta ló ti ń retí kí ọkùnrin yìí pe Ìjù-Odò ní ilé. Philemon ti ń yí orí ọkọ̀ padà. Àrìnkẹ́ ò mọ ohun tó mú òun ṣe é. Bóyá ó kàn fẹ́ mọ ohun tí ọkọ òun ti ń wá níbẹ̀ fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀. Ó ti àjẹ̀ tirẹ̀ bọ omi, ó sì gbé etí lé e.

Ó kọ́kọ́ gbọ́ híhó omi lásán. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan ké nísàlẹ̀, kọ̀rọ̀, kọ̀rọ̀-kọ̀rọ̀. Òmíràn dá a lóhùn. Òmíràn tún gbà á. Kí ó tó ṣẹ́jú, gbogbo ìsàlẹ̀ odò ń dún bí àkùrọ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, ọgọ́rùn-ún ohùn, tí àwọn kan wà nítòsí, tí àwọn kan wà lọ́nà jíjìn, tí gbogbo wọn ń pe nǹkan kan tí wọn ò rí.

Ó gbé orí sókè. Ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ ló rí, tó ń wà lọ sílé.

Àwọn kan wà tí wọ́n máa sọ pé àwọn ì bá sọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àrìnkẹ́ ò sọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ki àjẹ̀ bọ omi, ó wà á lẹ́ẹ̀kan, ó wà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó ń rí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lójú ọkàn. Ó ń rí Philemon nínú oko náà, tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ nítorí pé kò sí ohun tó kù láti ṣe àárò rẹ̀. Gbogbo ohun tí òun nílò ni kí òun pa ẹnu mọ́. Ó wà á títí ọwọ́ rẹ̀ fi wúwo. Ó wá rántí korobá fífọ́ ẹ̀yìnkùlé, ó sì bi ara rẹ̀ pé ká ní ẹnì kan ti sọ fún òun nígbà yẹn pé kò sí ilẹ̀ mọ́ láyé ńkọ́, tí irọ́ sì ni?

“Bàbá Dámi!”

Kò dáhùn. Àrìnkẹ́ fi àjẹ̀ gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Philemon wẹ̀yìn.

“Wọ́n wà níbẹ̀,” Àrìnkẹ́ ní. “Mo gbọ́ wọn.”

“Má ṣàánú mi, Àrìnkẹ́.”

“N ò ṣàánú yín. Wọ́n pọ̀ ju bí ẹ ṣe máa ń sọ lọ. Ẹ da àwọ̀n sí apá igi ẹ̀gbà yẹn.”

Philemon wo apá ibẹ̀. Ó wá dìde dúró, ó sì da àwọ̀n, nítorí kó lè fi han ìyàwó rẹ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n dúró. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, okùn le lọ́wọ́ rẹ̀. Apò mẹ́tàdínlógún ló wọ ọkọ̀, tí wọ́n ń tàn bí fàdákà, tí ikùn wọn ń gbọ̀n, tí wọ́n ń ké débi pé Àrìnkẹ́ rò pé ará abúlé á máa gbọ́ wọn.

Philemon wo ẹja. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀ tó fún pọ̀ nítorí ariwo igbe náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá èyí tó tóbi jù mú. Gbígbọ̀n ikùn rẹ̀ wọ ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì jókòó wọ̀ọ̀ sórí àwọ̀n tútù.

“Ó ń ké,” ó ní.

“Gbogbo wọn ló ń ké.”

“Etí mi ni.” Ó fi ẹja náà sílẹ̀. “Ariwo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí mo jókòó tì fún ọgbọ̀n ọdún… Mo rò pé ilẹ̀ yín ló dákẹ́. Mo rò pé bí ilẹ̀ òkè ṣe rí nìyẹn, tí ẹyẹ ibẹ̀ kì í ké.”

Àrìnkẹ́ rántí Ọlátúndé tó ń kí Philemon láàárọ̀. Ó rántí bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń bínú sí i pé kì í dáhùn. Ó rọra rìn láàárín ẹja lọ bá a, ó sì jókòó tì í. Wọn ò wa ọkọ̀. Omi ló ń gbé wọn lọ díẹ̀díẹ̀.

“Báwo ló ṣe rí?” Philemon béèrè nígbà tó yá. “Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Sọ ọ́ fún mi.”

Ó sọ ọ́ fún un. Ó súnmọ́ etí rẹ̀, ó sọ ti èyí tó kọ́kọ́ ké, àti èyí tó dá a lóhùn, àti bí gbogbo wọn ṣe gbà á. Ibi tó bá fo nǹkan, ọkọ rẹ̀ á béèrè. Àwọn tó wà lọ́nà jíjìn ńkọ́? Ṣé ohùn wọn nípọn? Àwọn àgbà nìyẹn, àwọn àgbà ló máa ń kẹ́yìn.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n jọ lọ sódò. Àrìnkẹ́ á tẹ́tí, á na ọwọ́, Philemon á da àwọ̀n. Lọ́jọ́ karùn-ún, ọkọ̀ mẹ́ta ti ń tẹ̀ lé wọn. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Ọlátúndé pe Àrìnkẹ́ lórí fóònù pé màlúù ti wọ oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

“Dúró tì mí,” Philemon ní. “Títí òjò á fi dé. Ìwọ letí mi.”

“Ta ni yóò gbin ohun tí a máa jẹ lọ́dún tó ń bọ̀? Ẹ jẹ́ ká jọ lọ.”

Kò sí ẹni tó bá ẹnì kejì jà. Philemon dúró, Àrìnkẹ́ lọ. Dora ló sìn ín dé ìdí ọkọ̀ láàárọ̀ tí kùrukùru bo omi, tí kò fi lè rí ẹni tó dúró lórí afárá.

Ó tún oko ṣe. Ó gbin àgbàdo sí ibi tí màlúù ti jẹ. Ó fi ẹ̀gẹ́ tó kù ṣe púpurù, ó gbé e lọ tà lọ́jà Àyèká. Ó ń ṣe gbogbo ohun tó ti ń wù ú ṣe láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ogún ọdún, ṣùgbọ́n bó bá ti dúró láti nu òógùn, òun náà á rí i pé apá òkun lòun kọjú sí. Kò sí bó ṣe lè bá Philemon sọ̀rọ̀, fóònù ò wúlò fún un mọ́. Dora ló máa ń gbà á. “Ó ní ṣé o ń jẹun?” “Ẹ sọ fún un pé mò ń jẹun.” Àrìnkẹ́ á gbọ́ tí Dora ń pariwo ọ̀rọ̀ náà létí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á gbọ́ ẹ̀rín ọkùnrin náà láàárín ariwo afẹ́fẹ́, fóònù á sì já. Lẹ́ẹ̀mejì ni Philemon fi ẹja yíyan ránṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ọlọ́kọ̀ Igbókọ̀dá. Àrìnkẹ́ jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kó má bàa tètè tán.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, fóònù Dora ò wọlé mọ́, ọkùnrin náà ò dé. Òjò kejì, ìkẹta. Odò kún, omi dídùn ya lọ sísàlẹ̀. Àrìnkẹ́ mọ̀ pé ẹja apò ti sún sẹ́yìn sínú òkun báyìí, kò sì mọ̀ bóyá ọkọ òun bá wọn lọ. Ọlátúndé ò béèrè mọ́. Àwọn ìyá ìjọ bá a gbàdúrà, ó ṣe àmín, ó padà sóko.

Nínú oṣù kẹfà, lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ó ń tu koríko nídìí àgbàdo nígbà tó rí ọ̀kadà tó já ẹnì kan sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹni náà gbé àpò kan kọ́ èjìká, ó ń gba ọ̀nà oko, kì í ṣe ọ̀nà ilé. Àrìnkẹ́ pe orúkọ rẹ̀ sókè. Ó tún pè é. Ọkùnrin náà ń lọ ní tirẹ̀. Ni Àrìnkẹ́ bá sọ ọkọ́ sílẹ̀, ó sáré la oko kọjá, ó di apá aṣọ rẹ̀ mú.

Philemon yí padà. Ó ti rù, oòrùn ti pa á dúdú.

“Ẹ ò tiẹ̀ ránṣẹ́ pé ẹ ń bọ̀,” Àrìnkẹ́ ní. “Oṣù mẹ́rin ààbọ̀! Èmi ò mọ̀ bóyá…”

Ojú Philemon wà lára ẹnu rẹ̀. “Tún un sọ. N ò gbọ́.”

Àrìnkẹ́ ò tún un sọ. Ó gba àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ṣíwájú lọ sílé láti gbé omi ìwẹ̀ kaná fún un.